Ọwọ́ Tó Ká Ṣẹ́ẹ̀tì

Obìnrin tó ń fọ aṣọ fún gbogbo àdúgbò ni ẹlòmíì ń bá fọ aṣọ ọkọ rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ kó dùn létí. Bó bá jẹ́ pé àmì ètè ló rí lára ṣẹ́ẹ̀tì náà, tàbí irun orí tí kì í ṣe tirẹ̀, bóyá ìbá sunkún díẹ̀ kó sì dákẹ́, bí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n mímọ́ ni ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́. Mímọ́ yẹn ló gún un lọ́kàn.

Ìyá Kílódé ni wọ́n ń pè é, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti jí títí tó fi máa sùn. Àbúrò Kílódé ni Bọ́ọ̀lù, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bàbá wọn, Káfíńtà, ti dé lánàá láti ìkángun ìlú, níbi tó ní àwọn ti ń kan àjà ilé ńlá kan, tó sì máa ń sun ibẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó padà wálé. Láàárọ̀ yìí, ó jáde lọ ra búrẹ́dì, ó padà wá mu tíì, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ sí ìsọ̀. Báàgì tó gbé lọ sí ìrìnàjò ló gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyàwó rẹ̀ da báàgì náà délẹ̀ kó lè kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ fọ̀. Ṣòkòtò iṣẹ́ kan jábọ́, lẹ̀búlẹ́bú pákó kún ara rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì méjì tẹ̀ lé e, wọ́n ń rùn bó ṣe yẹ kí wọ́n rùn. Èyí tó jábọ́ kẹ́yìn ni ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run kan. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ti ká a.

Ó gbé e sí imú. Kì í ṣe ọṣẹ ilé òun. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó rí bí wọ́n ṣe ká a, ó sì jókòó tì í. Bí Ìyá Kílódé ṣe ń ká ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà, òun ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò dojú ṣẹ́ẹ̀tì dé, yóò mú apá ọ̀tún wá sẹ́yìn, yóò fi apá òsì bò ó, yóò ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, yóò sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ kọ́là, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá jù ú sílẹ̀ láti orí òrùlé, kò ní tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ká èyí. Kìkì pé apá òsì ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá, tí wọ́n wá fi apá ọ̀tún bò ó. Ó dà bí ìgbà tó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nínú dígí.

Kò pẹ́ tó fi rò ó dé òpin. Ẹni tó mọ kíká yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ oníbàárà, ẹni tó ti ń gba aṣọ lọ́wọ́ òun tó sì ti ń tú u wò. Ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, nítorí ọlọ́wọ́ ọ̀tún kò ní í fi apá òsì ṣáájú. Ó ka àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀: Oníbúrẹ́dì, obìnrin tó ń tajà lódìkejì títì, tó máa ń fi ọwọ́ òsì gé búrẹ́dì, tí á sì ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò épúrọ́ọ̀nù bí ọ̀gá ilé iṣẹ́. Opó ni, ó sì mọ ara tọ́jú. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé inú yàrá yìí láràárọ̀ tí Káfíńtà bá lọ ra búrẹ́dì.

Nínú pálọ̀, àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ri búrẹ́dì bọ tíì. Ìyá wọn jáde sí wọn, ó já ti Kílódé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yọ ti Bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ wò ó bóyá eré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó ya ẹnu, ó bú sẹ́kún.

“Màámi, kí ló dé?”

“Búrẹ́dì yẹn ò dáa.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ẹni tó tà á ló ṣe é.”

Ẹkún Bọ́ọ̀lù ló pe aládùúgbò wọn wọlé, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Èmi-Ò-Sí-Níbẹ̀, nítorí bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo òfófó rẹ̀ nìyẹn. Ó mú ife kan lọ́wọ́ bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Ìyá Kílódé kò ní in lọ́kàn láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti kún un lẹ́nu. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

“Èmi ò sí níbẹ̀ o,” ni obìnrin náà wí, ó fa àga sún mọ́ ọn, “ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjọ́ tí Bàbá Kílódé lọ tún tábìlì ẹ̀ ṣe, láti ọ̀sán ló ti wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin o. Àbí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ ló ní?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mi ò dárúkọ èèyàn. Mo kàn ní kó o la ojú ẹ ni.” Ó gbá itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. “Iyọ̀ ni mo wá tọrọ.”

Ó gba iyọ̀, ó lọ. Kó tó dé ilé rẹ̀, ó ti yà sílé mẹ́ta.

Inú bí Ìyá Kílódé. Ó lọ sídìí àwọn aṣọ tó ti fọ̀ sílẹ̀ de oníbàárà, ó wá gáùn Oníbúrẹ́dì kàn, gáùn pupa kan tí obìnrin náà fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sínú bàsíà. Ó mú ike bílíìṣì, èyí tó máa ń fi ìdérí rẹ̀ wọ̀n díẹ̀díẹ̀ fún aṣọ funfun, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí àyà gáùn náà. Kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. Àwọ̀ pupa náà ṣá, ó di bí ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà, ó wá di funfun lójú ibì kan, ó kọ̀ lójú ibòmíì. Ó dùn mọ́ ọn. Kò yẹ kó dùn mọ́ ọn, torí láti ọjọ́ tó ti ń fọṣọ, kò tíì mọ̀ọ́mọ̀ ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn gan-an ni. Ó fún omi inú rẹ̀ dà nù, ó pọn Bọ́ọ̀lù, ó di Kílódé lọ́wọ́ mú, ó sọdá títì.

Èrò ṣì wà níwájú tábìlì búrẹ́dì. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀bẹ Oníbúrẹ́dì ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyá Kílódé ju gáùn náà sórí búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì.

“Gáùn yín rèé. Mo ti bá yín fọ̀ ọ́, bẹ́ ẹ ṣe ń bá mi fọ ti ọkọ mi.”

Oníbúrẹ́dì wo gáùn náà. Ó wò ó pẹ́. “Kí ni mo fọ̀?”

“Ẹ má bi mí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ọkọ, ẹ wá ọkọ. Ṣé èyí tó ní ọmọ méjì nílé náà lẹ rí?” Ó kọjú sí àwọn oníbàárà, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sókè. “Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ tò síbí, ọwọ́ tó ń gé búrẹ́dì fún yín, òun náà ló ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ ọlọ́kọ. Ọlọ́wọ́ òsì ló ká èyí. Ọlọ́wọ́ òsì mélòó lẹ mọ̀ ládùúgbò yìí?”

Ọkùnrin kan tó ti ń nawọ́ gba búrẹ́dì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Obìnrin méjì yà kúrò lórí ìlà, wọ́n lọ. Èmi-Ò-Sí-Níbẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Oníbúrẹ́dì fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde nínú àpò épúrọ́ọ̀nù, ọwọ́ tí gbogbo àdúgbò ní ìgbéraga ló ń mú un fi í pamọ́ sápò, ó sì gbé e sórí gáùn níwájú gbogbo wọn. Awọ rẹ̀ ti sún kì. Ìka mẹ́ta ti tẹ̀ wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọn kò sì ṣí mọ́.

“Ààrò búrẹ́dì ló ṣe é,” ni ó wí. Kò gbé ohùn sókè. “Wọn ò bí òsì mọ́ mi, dandan ló sọ mí di ọlọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ yìí ò lè fún áńkáṣíìfù, ká má tíì sọ ti ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin. Ìyá Kílódé, bí mo bá lè fọ aṣọ ọkọ ẹ, kí ló dé tí mò ń gbé tèmi wá fún ẹ fọ̀?”

Kílódé nìkan ló béèrè bóyá ó ń dùn wọ́n.

“Ó ti jinná, ọmọ mi.”

“Ẹ̀rín tẹ́ ẹ jọ máa ń rín láràárọ̀ ńkọ́?” Ohùn Ìyá Kílódé ti wálẹ̀.

“Búrẹ́dì méjì tó máa ń rà ni mo fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Mo ní ẹ̀yin mẹ́rin péré, ọ̀kan nínú yín ò sì tíì léyín tán, báwo lẹ ṣe ń jẹ méjì lóòjọ́? Ó ní ọmọ ń dàgbà ni.”

“Méjì?”

“Méjì. Èyí tó le kan, èyí tó rọ̀ kan.”

Èyí tó le ló ń dé ilé. Ìyá Kílódé mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlà náà sì rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Ó wá bú aláìṣẹ̀ ní gbangba, ó sì gba ìtìjú tirẹ̀ lójú àwọn èèyàn kan náà. Ó kúnlẹ̀ lójú títì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ wá yan èyíkéyìí nínú aṣọ mi tẹ́ ẹ bá fẹ́.”

“Mi ò fẹ́ aṣọ. Dìde. Ibi tó o dúró sí tó o fi sọ èyí tó o sọ, dúró síbẹ̀, kó o sọ ìyókù kí wọ́n gbọ́.”

Ó dìde, ó sọ ọ́. Ó ní irọ́ ni òun pa mọ́ ọn. Ó ní ọwọ́ obìnrin náà mọ́, òun ni òun mọ̀ọ́mọ̀ ba gáùn rẹ̀ jẹ́. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná. Oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ tán, ó gbé gáùn náà kúrò lórí tábìlì, ó mú ọ̀bẹ, ó sì bi ẹni tó kàn léèrè irú èyí tó fẹ́ rà.

Nígbà tí Ìyá Kílódé délé, ìbínú náà ṣì wà, kò kàn mọ orí ẹni tí yóò dà á lé mọ́ ni. Ọkọ ń ṣe ìṣekúṣe, oníbàárà ṣì fẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó tan áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ aṣọ, ó ń bínú, ó sì jó kọ́là kan díẹ̀. Kílódé wá jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì Bọ́ọ̀lù kan tó ti gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bó ṣe máa ń rí i tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ó dojú rẹ̀ dé. Ó mú apá òsì wá sẹ́yìn. Ó fi apá ọ̀tún bò ó. Ó ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ kọ́là.

Áyọ́ọ̀nù dúró lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Apá wo lèmi máa ń kọ́kọ́ mú?”

Kílódé wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. “Bó ṣe rọ ọwọ́ mi lọ́rùn nìyí,” ni ó wí, ó sì na ọwọ́ òsì sókè.

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti mọ ṣíbí dì mú ni gbogbo ilé ti ń sọ pé ọwọ́ Káfíńtà ló gbé wá sáyé. Òsì ni Káfíńtà fi ń di òòlù mú, òsì ló fi ń fa ayùn. Ìyá Kílódé ka ọlọ́wọ́ òsì láàárọ̀, kò ka ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹ má sì dá a lẹ́bi jù. Nígbà tó béèrè lójú títì, ẹnì kankan nínú ìlà yẹn náà kò rántí Káfíńtà. Ta ló máa ń ro ọkùnrin mọ́ aṣọ fífọ̀? Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò rí i rí kí ọkùnrin yìí tẹ ọwọ́ bọ omi ọṣẹ. Ibi tó bá ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ máa ń wà títí ẹlòmíì á fi gbé e. Ká ní wọ́n sọ fún un pé ọ̀bọ ló ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ì bá tètè gbà.

Ó wá yé e wàyí. Ọkùnrin yìí ń dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́, ó ń wo bí òun ṣe ń ká aṣọ, kò ran òun lọ́wọ́ ká ẹyọ kan. Ó ti kọ́ ọ tán, ó sì gbé e lọ lò nílé ẹlòmíì. Aṣọ tó ń fọ̀ níbẹ̀ dun Ìyá Kílódé ju ohunkóhun mìíràn tó ń ṣe níbẹ̀ lọ. Ó pa áyọ́ọ̀nù. Ó lọ pọn omi.

Oòrùn ṣì ń ràn díẹ̀ nígbà tí Káfíńtà wọ àgbàlá. Ó bá bàsíà ńlá láàárín àgbàlá, pẹ̀lú omi, ọṣẹ, òkìtì aṣọ àwọn ọmọ àti àpótí ìjókòó kan. Ó tún bá àwọn aládùúgbò tó ti gbé àga jáde, tí kálukú wọn ń ṣa ẹ̀wà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

“Ẹ kú àbọ̀,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹ jókòó, ẹ bá mi fọ aṣọ àwọn ọmọ.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn tó wà níkàlẹ̀. “Èmi? Ìgbà wo ni mo mọ aṣọ fọ̀?”

“Ẹ máa kọ́ ọ lónìí. Ọwọ́ ń dùn mí.”

“Ìyá Kílódé, mo gbọ́ gbogbo ohun tó o ṣe lójú títì. O lọ gbé orúkọ mi fún èrò búrẹ́dì. Ṣé o mọ̀ pé o dójú tì mí?”

“Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ẹ fọṣọ.”

Kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó ń sá fún ìyàwó. Ó jókòó. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò fọwọ́ kan ọṣẹ rí. Omi ta sí i lójú, ọṣẹ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in, ó rò pé òun ti bọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń na aṣọ sí i, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó kan ṣẹ́ẹ̀tì Bọ́ọ̀lù, èyí tó kéré jù, ọwọ́ Káfíńtà gbàgbé pé irọ́ ló ń pa. Ó rọra fi eegun ìka fọ ọrùn rẹ̀, níbi tí wàrà máa ń dà sí. Ó ṣàn án, ó da omi nù. Ó tún un ṣàn. Ó gbé e sí imú, ó gbọ́ òórùn ọṣẹ tó kù níbẹ̀, ó sì tún bu omi mìíràn. Kò lọ́ ọ rárá. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi tẹ omi inú rẹ̀ jáde.

Ìyá Kílódé rí ohun tó ń wá, ó sì rí èyí tí kò wá. Kò sẹ́ni tó ń ṣan aṣọ ọmọ tó ti ń rìn báyẹn. Ọmọ tuntun ni wọ́n ń ṣan aṣọ fún títí òórùn ọṣẹ á fi kúrò, kó má baà bó o lára. Òun ṣe é fún Kílódé, ó ṣe é fún Bọ́ọ̀lù, òun nìkan, pẹ̀lú ìbàdí tí kò tíì jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nígbà tí Káfíńtà ń béèrè oúnjẹ láti inú yàrá.

“Ọmọ oṣù mélòó ni?”

Káfíńtà gbé ojú sókè. “Ọmọ wo?”

“Èyí tó ò ń fọ aṣọ fún.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ. Àwọn aládùúgbò náà gbọ́ ọ, ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. Ó la ẹnu láti parọ́, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, irọ́ náà kò sì wá.

“Oṣù méjì,” ni ó wí. “Ìyá ẹ̀ ò tíì lókun.”

“Ìyá ẹ̀ ò tíì lókun,” ni Ìyá Kílódé tún sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ pé. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì Bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sá a sórí okùn. Ó kó ìyókù aṣọ àwọn ọmọ kúrò nínú bàsíà sínú garawa. Ó wọlé.

Nígbà tó jáde, gbogbo aṣọ Káfíńtà ló kó mọ́ àyà, láti orí ṣẹ́ẹ̀tì dé orí kóòtù tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú omi níwájú rẹ̀.

“Ìyá Kílódé, jọ̀ọ́, jẹ́ ká wọlé lọ sọ ọ́.”

“Ìta lèmi ti tọrọ àforíjì láàárọ̀. Fọ̀ ọ́.”

Ó fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbé àga rẹ̀ wọlé. Èmi-Ò-Sí-Níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá a pọn omi tó bá tán. Káfíńtà kò tún díbọ́n mọ́, ó ń fọ̀, ó ń ṣàn, ó ń fún un, iṣẹ́ rẹ̀ sì dáa, ẹni tó ń fi aṣọ fífọ̀ jẹun kò rí àléébù kankan níbẹ̀. Nígbà tó parí, ó kó wọn dìde láti lọ sá wọn. Ìyàwó rẹ̀ dúró sáàárín òun àti okùn.

“Ibi tó o ti kọ́ ọ ni kó o lọ sá a sí.”

“Omi ṣì ń ro lára wọn.”

“Á ti ro tán kó o tó débẹ̀.”

Ó wo ojú àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnì kan á bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n ń wò. Ó gbé bàsíà náà rù. Omi ń dà sí i lọ́rùn, ó ń gba inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Oníbúrẹ́dì, bó ṣe ń kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ dúró sí. Ìyá Kílódé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó dùn mọ́ ọn ju ti gáùn lọ, kò sì tijú rẹ̀.

Kílódé sáré wá dì mọ́ ìró rẹ̀.

“Màámi, ibo ni Bàámi ń gbé aṣọ lọ?”

“Wọ́n ń lọ sá a ni.”

“Okùn tiwa ńkọ́?”

“Ó ti kún.”

Kílódé yíjú padà wo okùn náà. Ṣẹ́ẹ̀tì Bọ́ọ̀lù nìkan ló wà lórí rẹ̀.